Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 fọwọ́ síwèé owó yíyá: ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí ní ìdájí. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, yàrá kékeré kan ló gbà sí àdúgbò Àúlè ní Àkúrẹ́. "Àǹtí mi, ẹ gbà mí o," bẹ́ẹ̀ ló ń wí ṣáá, kò lè sọ̀rọ̀ kó sọ ọ́ délẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ ni mo tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yá ₦30,000 lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù kan. Ọjọ́ méje ni wọ́n dá fún un. Owó náà ti di ₦48,000, wọ́n sì ti ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀, títí kan pásítọ̀ ìjọ wọn ní ìlú Oǹdó. "Olè ni ọmọ yìí" ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà.

Ìyá rẹ̀ ń ta ata ní Ọjà Ọba. Kí n tó débẹ̀, ó ti ń wá ẹni tí yóò yá òun náà lówó kó lè fi san án. Èmi ni mo ní kó dúró ná. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ lóyà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àti ohun tí mo fi ojú ara mi kà nínú òfin, ni mo tò síbí. Èmi kì í ṣe lóyà o. Bí wọ́n bá ti fún yín ní ìwé ìpẹ̀jọ́, lóyà ni kí ẹ wá lọ.

Fún ẹni tó ń kánjú: ìwé owó yíyá tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá fọwọ́ sí, òfúùtùfẹ́ẹ̀tẹ̀ ni lójú òfin. Ayánilówó kò lè gbé e lọ sí kóòtù kó fi gba owó. Àmọ́ bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, ògiri yìí sì lanu níbi mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ọjọ́ orí ọmọ náà, ti ọjọ́ tó fọwọ́ síwèé

Kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ lónìí, kì í sì ṣe ti ọjọ́ tí gbèsè pé. Ọmọ tó fọwọ́ síwèé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé ọdún 18, ọmọdé ló ṣì jẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejì ọjọ́ ìbí rẹ̀, àgbàlagbà ni, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ wá ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ tí àjọ ètò ìkànìyàn fún yín, ẹ gbé ìwé NIN rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọjọ́ kan náà ló wà lára méjèèjì. Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀. A ti fi ọdún kan tàbí méjì kún ọjọ́ orí ọmọ kó lè tètè wọlé, a ti gbàgbé, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Tí ìwé méjèèjì bá ta ko ara wọn, ẹ sọ òótọ́ fún lóyà yín kí ẹ tó fi èyíkéyìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà lóyà kan lè sọ fún yín pé ọdún 21 ni, kì í ṣe 18. Wọn ò purọ́: òfin àtijọ́ tí a bá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wí bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ló fi gbèdéke sí 18. Tí ọmọ yín bá ti lé ní 18 tí kò tíì pé 21, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ fara ti ti àtijọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ orúkọ òfin tí ẹ ó dárúkọ

Abala 18 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ni. Ó ní àdéhùn tí ọmọdé bá ṣe láti dá owó tó yá padà, tàbí láti san owó ọjà tí wọ́n tà fún un, kò dúró rárá, àyàfi tó bá jẹ́ lórí ohun tí kò ṣeé má nìí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ ní ọdún 2007, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín ní Àkúrẹ́ pé òfin Àbújá lásán ni. Kì í tilẹ̀ ṣe ohun tuntun: ní ọdún 1874 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú òfin yìí, ibẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ kíyè sí i pé òfin ò sọ pé ọmọ náà kò jẹ gbèsè. Ohun tó sọ ni pé àdéhùn náà kò lè dúró. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí i níwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bi ọmọ náà ibi tí owó tàbí ọjà náà lọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́kọ́ nà án. Ọmọ tí wọ́n ń lù kì í rántí nǹkan dáadáa.

Ohun tí kò ṣeé má nìí, lójú òfin, ni ohun tó bá ipò ọmọ náà mu, tó sì nílò rẹ̀ ní ti gidi lọ́jọ́ tí wọ́n tà á fún un. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1908 ni àwọn lóyà sábà máa ń tọ́ka sí. Télọ̀ kan rán aṣọ fún ọmọ yunifásítì Cambridge kan tí kò tíì pé ọjọ́ orí, wẹ́sìkóòtù mọ́kànlá wà nínú aṣọ náà. Ilé ọlọ́rọ̀ ni ọmọ náà ti wá, aṣọ bẹ́ẹ̀ sì yẹ ọmọ ọlọ́rọ̀. Síbẹ̀ télọ̀ náà pòfo, nítorí pé bàbá ọmọ ti ra aṣọ tó tó fún un tẹ́lẹ̀. Ó yẹ ẹ́, àmọ́ kò nílò rẹ̀.

Ẹ wá gbé e wá sí Àúlè. Ọmọ kan tí kò ní bàbá, tó gba fóòmù ìbùsùn àti gaàrí àwìn lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù: ìyẹn kò ṣeé má nìí, ó gbọ́dọ̀ san án. Owó tó bójú mu ni yóò sì san, kì í ṣe iye tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù bá ṣáà kọ sínú ìwé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti ra fóònù fún, tó tún lọ gba fóònù olówó ńlá kejì láwìn kó lè bá ẹgbẹ́ mu? Oníṣòwò náà ti fi ọjà rẹ̀ tọrẹ nìyẹn.

Owó gan-an wá yàtọ̀ sí ọjà. Ẹni tó yá ọmọdé lówó ò lè kàn sọ pé "mo mọ̀ pé oúnjẹ ló fẹ́ fi rà." Àwọn adájọ́ ti gbà láti ìgbà pípẹ́ pé tí owó náà bá lọ sórí ohun tí kò ṣeé má nìí ní tòótọ́, ayánilówó lè béèrè iye tó lọ síbẹ̀ nìkan. Òun ni yóò sì wá ẹ̀rí. Ọmọ wa fi ₦30,000 tirẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ fi wá sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo ẹni tó tún fọwọ́ síwèé náà

Òbí kì í jogún gbèsè ọmọ rẹ̀ kìkì nítorí pé òbí ni. Kò sí òfin tó ní kí ìyá aláta san owó tí kò yá, tí kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tó ń sin owó mọ èyí dáadáa. Ìtìjú wa ni wọ́n ń tà fún wa.

Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọmọ náà ńkọ́? Ẹ wá ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Tí ìwé bá pè yín ní ayáwó, tàbí tó ní kí ẹ fi owó bo gbogbo àdánù tí ayánilówó bá rí, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, ẹ ó san án. Tó bá jẹ́ onídùúró lásán ni wọ́n pè yín, ojú ọ̀nà ṣì wà. Ní ọdún 1947, kóòtù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lẹ́jọ́ pé ẹni tó dúró fún gbèsè ọmọdé kò ní ohun tí yóò san, nítorí gbèsè tó dúró fún kò sí lójú òfin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn yí èyí padà lọ́dún 1987 pẹ̀lú òfin tuntun, òfin tuntun yẹn kì í sì í ṣe tiwa. Síbẹ̀, lóyà ni kí ẹ jẹ́ kó bá yín gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Owó ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà, tún ní ìṣòro tirẹ̀: ìyá ló máa ń gba owó lórúkọ ara rẹ̀ fún ọmọ. Ìyẹn ti kúrò ní gbèsè ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ 5: Tí ọmọ bá purọ́ ọjọ́ orí

Ó purọ́. Gbogbo wọn ló ń purọ́. Ibi tí fóònù bá ti béèrè ọdún tí wọ́n bí ọ, ọmọ yóò tẹ èyí tó bá mú kí owó jáde.

Irọ́ náà ò sọ ìwé di ìwé. Ọ̀dọ́kùnrin kan purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ fún àwọn ayánilówó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba £400 lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 1914, kóòtù kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gba owó náà padà, nítorí pé bí wọ́n bá gbà á, wọ́n ti fi ẹ̀yìn ilé mú òfin ọmọdé kúrò nìyẹn. Owó ti ná, owó ti dàpọ̀ mọ́ owó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjà ni ó fi irọ́ gbà, tí ọjà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè ní kó dá a padà. Ẹ dá a padà kí wọ́n tó béèrè.

Irọ́ kan wà tí kò jọ èyí rárá: kí ọmọ fi BVN tàbí NIN ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba owó. Ìyẹn ti di fífi orúkọ ẹlòmíràn lu jìbìtì, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, ọjọ́ orí ò sì ní gbà á sílẹ̀ bó ṣe gbà á sílẹ̀ nínú àdéhùn. Tí ẹ bá gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe, ẹ pe lóyà lọ́jọ́ náà, kí ẹ má tíì kọ lẹ́tà kankan.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé kejì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ, torí ibí ni àwọn ayánilówó ọlọgbọ́n ti ń dúró dè wá.

Wọn á gbọ́ pé ọmọdé ni. Ohùn á yí padà. Ẹni tó ń pariwo lánàá á di ọ̀rẹ́: "Kò sí wàhálà, a ó dín èlé kù, kó ṣáà wá tún ìwé ṣe lẹ́yìn ọjọ́ ìbí rẹ̀." Tàbí kí wọ́n ní kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan ránṣẹ́ pé "mo gbà pé mo jẹ yín ní ₦48,000, n ó san án lóṣù tó ń bọ̀." Ọmọ tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ á yára fọwọ́ sí i.

Òfin ti ronú èyí ṣáájú wọn. Abala 18 kan náà ní wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lẹ́yìn tó pé ọdún 18 nítorí gbèsè tó jẹ kó tó pé e, kódà tó bá ṣèlérí tuntun, kódà tí wọ́n bá fún un ní ohun mìíràn nítorí ìlérí náà. Ìwé tuntun tó bá dúró fún owó àtijọ́, asán ni. Ohun tó lè dè é ni owó tuntun. Tí wọ́n bá fún un ní ₦20,000 mìíràn lẹ́yìn tó pé 18, ₦20,000 yẹn jẹ́ gbèsè gidi. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn á pa àtijọ́ àti tuntun pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, wọn á kọ ₦68,000 sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pa áàpù àwọn ayánilówó náà rẹ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀ lójú mi. Ó kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ná: ọjọ́ tó gba owó, iye tó wọ àkáǹtì rẹ̀, èlé, àti ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ kí ẹ tó ya àwòrán rẹ̀.

Èyí tó bá ti san ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ti ná owó tí wọ́n yá a, tó sì ti san díẹ̀ níbẹ̀, kóòtù kì í sábà dá èyí tó san padà fún un. Ẹ má sọ pé òfin wà lẹ́yìn yín kí ẹ wá máa lé owó tó ti lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ọmọ wá ṣiṣẹ́ san án. Ní ayé àwọn bàbá wa, wọ́n máa ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ á máa sin olówó títí bàbá rẹ̀ yóò fi san gbèsè. Ayé ti kọjá ibẹ̀. Fífi ọmọ ṣiṣẹ́ tipátipá, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, oníṣọ́ọ̀bù tó bá ní kí ọmọ ọdún 15 wá máa gbá ilé títí gbèsè á fi tán ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹjọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Tí wọ́n bá ń dógò tì yín

Láyé àtijọ́, ológò ni wọ́n ń rán sí onígbèsè. Á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa bú u, á máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ, títí ojú á fi ti ẹbí, tí wọ́n á sì wá owó náà. Ológò ti òde òní kò kúrò nínú yàrá rẹ̀, nọ́ńbà pásítọ̀ yín ló fi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú ìwé orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2022 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ wọn sílẹ̀, ó sì tún gbé ìlànà tuntun jáde ní ọdún 2025. Bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀ o, bóyá kò sí, ẹ fẹjọ́ sun níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tí ẹ yà. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹjọ́ sun NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni àwọn èèyàn, pẹ̀lú, torí pé Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Ẹ wo bóyá ẹ fún wọn ní ìyọ̀ǹda kankan.

Tí wọ́n bá fi ọlọ́pàá halẹ̀, ẹ rántí abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020: wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Bí ìpè bá tilẹ̀ wá láti àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má sá. Ẹ lọ, ẹ mú lóyà lọ, ẹ má sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ọlọ́pàá pé ẹ ó san. Ẹni tí kò lówó lóyà, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lóyà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó ń yáni lówó

Ẹ ò burú, ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ yín. Tí ẹ bá ń ṣe POS tàbí tí ẹ ń tajà lẹ́nu géètì FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, ẹ mọ̀ pé ọmọ ọdún 16 ti wà lára àwọn tó ń wọlé. Ẹ béèrè ọjọ́ ìbí kí ẹ tó fún un lówó, ẹ wò ó lórí ìwé. Tí kò bá tíì pé 18, ẹ pe òbí rẹ̀, kí òbí fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ayáwó, kì í ṣe onídùúró. Oúnjẹ àti oògùn, ẹ lè tà á láwìn fún un ní iye tí gbogbo èèyàn ń rà á, kí ẹ kọ ohun tí ó gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó lọ́wọ́, rárá.

Ìgbésẹ̀ 8: Lẹ́tà náà

Ó yẹ kó kúrú. Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí èébú, kò sì sí "a ó máa san díẹ̀díẹ̀." Èyí tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ nìyí, ẹ lè tún un ṣe:

"Sí Ọ̀gá Àgbà. Ẹ ń béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ mi lórí àdéhùn tó fọwọ́ sí ní ọjọ́ báyìí. Ọmọ ọdún 17 ni lọ́jọ́ náà. Ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Lábẹ́ abala 18 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 àti òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àdéhùn náà kò dúró. Èmi kò yá owó náà, n kò sì dúró fún un. Ẹ jáwọ́ nínú pípe ọmọ mi àti àwọn ẹlòmíràn nítorí rẹ̀, kí ẹ sì pa àwòrán rẹ̀ àti nọ́ńbà gbogbo tí ẹ kó nínú fóònù rẹ̀ rẹ́. Tí ẹ bá ní èsì, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi."

A fi yíǹkì bo nọ́ńbà NIN tó wà lára ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí náà kí a tó ya àwòrán rẹ̀. A fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí í-meèlì ilé iṣẹ́ náà, a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ kún ẹ̀sùn tí a fi sun FCCPC. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpè dákẹ́. Èsì kankan ò wá títí di òní.

Ọmọ náà jẹ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ní Àúlè ní ₦6,500. Ìyẹn ò sí lórí fóònù, kò sì ní ìwé kankan. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ lọ san án lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ní kí ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nígbà tí òun ń ka owó náà.

Tí ẹ bá ní ilé iṣẹ́ tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, ẹ fi ọwọ́ gbé lẹ́tà tiyín lọ dípò í-meèlì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó bá gbà á kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára èyí tí ẹ ó mú padà sílé.